Ajá Tí Wọ́n Sọ Ní Wọ́n-mọ-olè

"Akọ la fẹ́." Ìyá Moyọ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun. "Akọ tó máa gbó dáadáa. Tó bá sì di dandan, kó gé èèyàn jẹ."

Àǹtí Kíkẹ́, dókítà ẹranko tó ni ọgbà náà, kò tíì dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń di ẹsẹ̀ ajá kékeré kan tí ọ̀kadà gbá. Yàbá ni ọgbà rẹ̀ wà, lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn ajá tí wọ́n lé síta ló ń kó jọ síbẹ̀: èyí tí olówó rẹ̀ lọ sókè òkun tó fi sílẹ̀ lẹ́nu géètì, èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ títí okùn fi wọ ẹran ọrùn rẹ̀. Á tọ́jú wọn, á gún wọn lábẹ́rẹ́ nítorí àrùn dìgbòlugi, lẹ́yìn náà á wá fún ẹni tó bá lè tọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

"Méjì ló ti gbádùn débi tó lè lọ sílé onílé," ó wí nígbà tó dìde. "Akọ kan, abo kan. Ẹ wá wò wọ́n."

Akọ náà pupa, àyà rẹ̀ fẹ̀, bó sì ṣe rí wọn ló fò mọ́ irin, ó ń gbó. Inú Ìyá Moyọ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Moyọ̀, ọmọ rẹ̀ tó bá a wá, kò rí lẹ́nu rẹ̀ láti bí oṣù méjì. Abo ni èkejì, ó dúdú, etí rẹ̀ kan sì ti ya. Ó jókòó, ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó wo ọwọ́ wọn, ó wá wo ojú wọn kẹ́yìn. Kò gbó rárá.

"Akọ yìí, orí ṣéènì ló dàgbà sí," Àǹtí Kíkẹ́ ṣàlàyé. "Kò burú, àmọ́ ara rẹ̀ tètè máa ń gbóná, ohun tí wọ́n bá sì kọ́ ọ, kì í gbàgbé. Ilé tí èrò ò pọ̀ sí ló yẹ ẹ́, ilé tí ò sí ọmọ kékeré. Abo yìí ló dáa fún ilé èrò. Kì í gbó lásán. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ jáde, nǹkan wà níta nìyẹn."

"Abo á máa bímọ kiri."

"Mo ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un mà. Kò lè bímọ mọ́."

"Abo náà ni, dókítà. Ta ló ń bẹ̀rù abo?"

"Ó dáa mà," Àǹtí Kíkẹ́ wí. "Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ọgbà yín?"

"Moyọ̀ yìí nìkan ni mo bí," Ìyá Moyọ̀ fèsì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í nìyẹn.

Dókítà kọjú sí ọmọ. Moyọ̀sọ́lá jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ku ọdún kan kó ṣe ìdánwò àṣejáde. "Ìwọ ńkọ́, àbúrò? Ọmọdé kankan ò sí nítòsí yín?"

Ọmọdé kan wà. Àánúolúwapọ̀, tí wọ́n ń pè ní Àánú, lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà tiwọn gan-an. Moyọ̀ mọ̀ pé tóun bá dárúkọ ọmọ náà, abo elétí yíya ni wọ́n máa fún wọn. Ó tún mọ irú ẹ̀rín tí Sylvester, ọmọ kíláàsì rẹ̀, máa fi í rín, nítorí Sylvester ti wí fún un lójú gbogbo ọmọ kíláàsì pé ọ̀lẹ ló ń sin abo ajá.

"Kò sí mà," ó dáhùn. "Àwa nìkan la wà níbẹ̀."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i, ó wò ó, ó sì tún kọjú sí akọ ajá náà.

"Màá wá wo ọgbà yín lọ́jọ́ tọ́wọ́ mi bá dilẹ̀," Àǹtí Kíkẹ́ wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn irin. Ẹni tí agbo ajá wà lọ́rùn rẹ̀, ìgbà wo lọwọ́ rẹ̀ fẹ́ dilẹ̀?

Kí a tó bá ajá délé, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ìjà ti wá, nítorí ajá kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ní Múṣin ni ilé náà wà, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, kànga kan lẹ́yìn, ilé ìwẹ̀ kan fún gbogbo ayé. Aránṣọ ni Ìyá Moyọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó lọ ra òwú ní Ọ̀yìngbò, olè já ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, tòun ti aṣọ oníbàárà. Ìyá Àánú nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní òun gbọ́ tí nǹkan ń dún gbì-gbì lóòótọ́, òun rò pé Ìyá Moyọ̀ ló ń tún yàrá rẹ̀ tò ni. Bóyá òótọ́ ló sọ. Bóyá oorun ló ń kùn ún tí kò fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n Ìyá Moyọ̀ ti dá ẹjọ́ náà nínú ara rẹ̀: ẹni tó gbọ́ tí kò jáde, ó mọ olè.

Láti ìgbà náà, ilé di ilé ogun. Wọn kì í kí ara wọn. Tí ọ̀kan bá ń gbálẹ̀, á gbá ìdọ̀tí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà èkejì, á sì fi í síbẹ̀. Tí ọ̀kan bá sá aṣọ funfun, ìgbà yẹn gan-an lèkejì máa rántí pé ẹja wà tóun fẹ́ yan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí ògiri pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń bá èèyàn sọ lọ. Àgbàlagbà méjì, abiyamọ méjì, ohun tí wọ́n ń fi ojoojúmọ́ ṣe nìyẹn, ojú ò sì tì wọ́n.

Àánú nìkan ni gbogbo rẹ̀ ò yé. Kí ìjà tó dé, ẹ̀yìn Moyọ̀ ló ti máa ń sùn lọ́sàn-án, abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ló sì ti máa ń ṣa àjákù aṣọ ṣeré. Nísinsìnyí, tó bá yọjú sí yàrá wọn, Ìyá Moyọ̀ á ní, "Padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ." Tó bá padà, ìyá rẹ̀ á gbá a létí: "Kí lo tún lọ ṣe níbẹ̀?" Moyọ̀ fẹ́ràn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn kọjá bí ẹni tí kò rí i.

Bí wọ́n ṣe gbé akọ ajá náà dé Múṣin, ìtàn ọ̀tọ̀ ni. Oníkẹ̀kẹ́ bíi mélòó kan ló sá fún wọn kí ọ̀kan tó gbà, òun náà sì ní àfi kí wọ́n di ajá lẹ́nu. Gèlè orí Ìyá Moyọ̀ ni wọ́n fi dì í. Nígbà tí wọ́n wọlé, gbogbo ayálégbé jáde wá wòran.

Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ti ajá, aládùúgbò là ń wò. Ẹni tí kò lè ko ọ̀tá rẹ̀ lójú, á lọ wá ajá, á fi ohun tó wà níkùn rẹ̀ sọ ọ́, á wá máa pè é láàárọ̀, á máa pè é lálẹ́. Ta ló fẹ́ mú un? Ajá rẹ̀ ló kúkú ń pè. Ìyá Moyọ̀ dúró sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Àánú, ó gbé ohùn sókè.

"Wọ́n-mọ-olè. Wọ́n-mọ-olè, wá jẹun."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Àánú yọ orí. "Ta lò ń bá wí?"

"Ajá mi ni mò ń pè. Àbí ìwọ lajá?"

Àwọn tó wà lójú kànga bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àánú ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Sylvester wá wo ajá náà. Ó yí i ká, ó mi orí bí ẹni tí wọ́n bí sáàárín ajá. "Èyí ni ajá. Àmọ́ orúkọ nìkan ò tó, Moyọ̀. O gbọ́dọ̀ kọ́ ọ níṣẹ́. Ìgbàkigbà tó o bá ti pè é, na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà wọn. Tó bá ti gbó síbẹ̀, fún un lẹ́ran. Kó tó di oṣù tó ń bọ̀, ta ló máa gbójú wò yín nínú ilé yìí?"

"Ṣé kò ní gé èèyàn jẹ?"

"Kí lẹ wá gbé e wá fún? Àbí o fẹ́ padà lọ gba abo?"

Moyọ̀ ò fẹ́ padà lọ gba abo. Ó ṣe bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe wí. Ní àárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, nírọ̀lẹ́ tó bá dé, á pe Wọ́n-mọ-olè, á na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà kejì, ajá á sáré lọ títí okùn fi máa fà á, á gbó, á fi èékánná họ ilẹ̀kùn, á wá sáré padà wá gba ẹran rẹ̀. Kò pẹ́ tí kò fi nílò kéèyàn na ọwọ́ mọ́. Tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà yẹn ni ojú rẹ̀ ń lọ.

Ká sọ tòótọ́, ó dùn mọ́ Moyọ̀. Ó dùn mọ́ ọn láti rí i tí Ìyá Àánú fẹ̀yìn gbá ògiri tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lórí. Ó dùn mọ́ ọn pé ìyá òun ń jẹun yó, ó ń sùn, ó ń fi orin sí iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ayálégbé ti dáwọ́ dúró, wọ́n sì ti fẹjọ́ sun Alàgbà Ìbíkúnlé, onílé. Alàgbà pe ìyá méjèèjì síta.

"Ẹnu mi ti bó lórí ìjà yín," ó wí. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde nínú ilé yìí, ẹni tó bá jẹ̀bi máa kó ẹrù rẹ̀ jáde. Mi ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Moyọ̀ ń fọ abọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn kékeré láti ojú fèrèsé òdìkejì. "Wọ́n-mọ-olè, ṣé o ti jẹun? Wọ́n-mọ-olè, má sunkún, màá fún ẹ ní búrẹ́dì." Àánú ni. Ọmọ tó ń gbọ́ orúkọ kan láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí ló máa ṣe tí kò ní mọ̀ ọ́n? Kò mọ̀ pé èébú ìyá òun ni. Ó yẹ kí Moyọ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ náà ti ń bá ajá ṣọ̀rẹ́. Ó yẹ kó pe Àǹtí Kíkẹ́. Ó fọ abọ́ rẹ̀ tán, ó wọlé. Ajá tó máa sọnù ni wọ́n ní kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti ọjọ́ náà, olówó ajá ni kò gbọ́.

Sátidé ló ṣẹlẹ̀, lójúmọmọ. Ìyá Moyọ̀ ti lọ kó aṣọ fún oníbàárà ní Ìpọ̀nrí. Moyọ̀ fẹ́ wẹ̀ fún ajá, ó tú okùn rẹ̀, ó sì lọ fa omi ní kànga. Ìyá Àánú wà nílé ìwẹ̀. Ọmọ náà rí i pé kò sẹ́ni tó máa lé òun wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn, búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Wọ́n-mọ-olè, wá gbà."

Ajá gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti kọ́ ọ pé kó máa dojú ìjà kọ. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe.

Moyọ̀ gbọ́ igbe kan ṣoṣo. Ó ju bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó sáré, ó fa ajá lọ́rùn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ kó tó fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti bo aṣọ Àánú. Ọmọ náà kò tilẹ̀ kígbe mọ́. Ó ń wo Moyọ̀ lójú bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé nǹkan fún òun.

"Àǹtí Moyọ̀, mo fẹ́ fún un ní búrẹ́dì ni."

Moyọ̀ ti ajá mọ́ inú yàrá wọn. Ó rántí ohun tí Àǹtí Kíkẹ́ sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba ajá, pé omi àti ọṣẹ ni kí èèyàn kọ́kọ́ fi fọ ojú ibi tí ajá bá gé jẹ, kó sì fọ̀ ọ́ pẹ́. Ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó ń da omi sí i lọ́wọ́, ó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, omijé ń bọ́ lójú òun alára. Bí ó ṣe ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni Ìyá Àánú sáré jáde tòun ti ìfófòó ọṣẹ lórí, ìró nìkan ló ró mọ́ra. Ó ti Moyọ̀ débi tí orí rẹ̀ fi gbá ògiri.

"Ṣé ó ti tẹ́ yín lọ́rùn báyìí?" ó wí. Kò pariwo. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde lọ wá ọ̀kadà tó máa gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí Ìyá Moyọ̀ dé tó gbọ́, ó jókòó sórí àpótí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló rí i?"

"Èmi nìkan, Màámi."

"Òkò lọmọ yẹn sọ lu ajá. Ṣé o gbọ́?"

"Kò sọ òkò, Màámi. Búrẹ́dì ló..."

"Mo ní òkò ló sọ. O gbọ́ ohun tí Alàgbà wí. Ẹni tó bá jẹ̀bi máa kó jáde. Tá a bá kó jáde níbí, ibo la fẹ́ lọ? Abẹ́ afárá lo ti fẹ́ máa kàwé ìdánwò ẹ?"

Moyọ̀ pe Sylvester lórí fóònù. Ó ní kó gba òun nímọ̀ràn. Sylvester ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mi ò sí níbẹ̀ o. Má dárúkọ mi." Ó pa fóònù. Ẹni tó kọ́ni bí wọ́n ṣe ń dáná sunlé kì í sábà dúró fa omi.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn wà ní yàrá ìgbàlejò Alàgbà Ìbíkúnlé. Ìyá Àánú ti dé láti ọsibítù. Ọmọ náà sùn lé e léjìká, wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ó ní dókítà ń bèèrè ibi tí ajá náà ti wá àti bóyá wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ kíákíá.

"Ajá mi kì í gé èèyàn jẹ lásán," Ìyá Moyọ̀ gba ọ̀rọ̀ sọ. "Òkò ni wọ́n sọ lù ú."

"Òkò? Ọmọ ọdún mẹ́rin?" Ìyá Àánú dìde tòun tọmọ. "Olúwa á ṣèdájọ́ ẹ nínú yàrá yìí." Díẹ̀ ló kù kó gbá Ìyá Moyọ̀ lójú kí wọ́n tó fà á jókòó.

Alàgbà gbé ọwọ́ sókè. "Moyọ̀sọ́lá, ìwọ lo wà níbẹ̀. Kí lo rí?"

Moyọ̀ wo ìyá rẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀ ti le koko, ó ń sọ fún un láìlanu pé ẹnu Moyọ̀ ni yàrá wọn wà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yàrá náà ni ibi tí wọ́n ń sùn, òun náà ni ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, kò sí òmíràn. Ó wo báńdéèjì. Ó rò ó pé tí wọ́n bá gbà pé òkò ni ọmọ náà sọ, Ìyá Àánú ló máa kó jáde, tòun ti ọmọ tó gbọgbẹ́. Ọkàn rẹ̀ kò gbà.

"Kò sọ òkò, sà," ó wí. "Búrẹ́dì ló mú dání. Ó pe ajá ní orúkọ tá a sọ ọ́, ajá sì ṣe ohun tá a kọ́ ọ. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo máa ń pè é, mo máa ń na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà wọn, tó bá ti gbó síbẹ̀ mo máa ń fún un lẹ́ran."

Moyọ̀ bá ọ̀rọ̀ lọ kí ẹ̀rù tó bà á.

"Dókítà tó fún wa lájá ní ká má mú akọ tí ọmọ kékeré bá wà nílé. Ó bi mí. Mo ní ọmọdé kankan ò sí. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi sà, mo lè pè é nísinsìnyí."

Ó pè é lójú gbogbo wọn. Àǹtí Kíkẹ́ ní òun ti gún ajá náà lábẹ́rẹ́, òun sì máa bá dókítà ọsibítù sọ̀rọ̀ fúnra òun. Ó wá bèèrè pé, "Ọmọ ta ló gé jẹ?"

"Ọmọ tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa mà."

"O ní kò sí ọmọdé."

"Mo parọ́ mà."

"Ẹ gbé ajá yẹn padà wá lọ́la," Àǹtí Kíkẹ́ wí, ó sì pa fóònù.

Alàgbà fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà nílé yìí, orí ọmọ tuntun sì wọ́, ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti lé ajá yẹn jáde tipẹ́. Àmọ́ mo ti sọ̀rọ̀, mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ìyá Moyọ̀, ìwọ lo máa gbọ́ bùkátà ọsibítù títí ọwọ́ ọmọ yìí á fi san. Tí àsìkò tó o sanwó ilé fún bá sì parí, wá ilé míì."

"Kí wọ́n lọ lónìí," Ìyá Àánú wí.

"Mo ti sọ̀rọ̀," Alàgbà dáhùn, ó sì dìde.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Moyọ̀ kò pe ọmọ rẹ̀ sí oúnjẹ. Ó bu oúnjẹ tirẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó dé ìkòkò. Moyọ̀ sùn lébi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ fún ọmọdé pé ẹni tó bá sọ òótọ́ náà lè má rí oúnjẹ alẹ́ jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá ajá padà sí Yàbá. Àǹtí Kíkẹ́ dá ìkíni wọn lóhùn. Ó mú ajá lọ sí yàrá irin tó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà, ó tì í mọ́ ọn.

"Kò ní lọ sílé ẹnikẹ́ni mọ́," ó wí. "Ajá tó ti gé ọmọ jẹ, ta ni mo fẹ́ fún? Ibí ló máa kú sí."

Moyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá rẹ̀ ò sunkún. Ó ti ń wo abo dúdú tó jókòó lójú oòrùn.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú fún wa ní abo yẹn," ó wí. "Olè ṣì wà ní Múṣin. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé òun ló dáa fún ilé èrò."

"Ó dáa fún ilé èrò. Kò dáa fún ilé yín." Ohùn Àǹtí Kíkẹ́ kò lọ sókè. "Ẹ má bínú mà, mo mọ̀ pé ẹ jù mí lọ. Àmọ́ èyíkéyìí tí mo bá fún yín, akọ ni o, abo ni o, ohun kan náà lẹ máa kọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ gé ọmọ yẹn jẹ. Eyín ajá lẹ kàn yá lò."

Ìyá Moyọ̀ tún gèlè rẹ̀ wé, ó yíjú padà, ó jáde.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Moyọ̀ kò wọ yàrá wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà òdìkejì, ó sì kan ilẹ̀kùn, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ tí olè ti jà á. Moyọ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ náà kúnlẹ̀.

"Ìyá Àánú, èmi ni. Mo wá bẹ̀ ọ́."

Ṣíbí tó ń ro nǹkan nínú ìkòkò dákẹ́ nínú ilé. Ohùn Àánú ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. "Màámi, ta ni?"

"Kò sẹ́nì kankan," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Jẹun ẹ."

Àwọn ayálégbé ń kọjá, wọ́n ń wò wọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì bá wọn bẹ̀bẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti yé Moyọ̀ yékéyéké, ó sì yẹ kó yé gbogbo ọmọ tó bá ń ka ìtàn yìí. Kì í ṣe akọ tàbí abo ló ba ilé wọn jẹ́. Ìkórìíra tí àgbà bá ń bọ́ nínú ilé, ọmọdé tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ló máa ń gé jẹ, irọ́ tí èèyàn bá sì pa láti fi gbè é lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń san án. Òtítọ́ tí Moyọ̀ sọ kò dá yàrá wọn padà, kò sì ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ó kàn jẹ́ kí dókítà mọ ohun tó yẹ kó ṣe sí ọwọ́ ọmọ náà lásìkò. Ìyẹn nìkan sì ti tó ìdí láti sọ ọ́.